Títún Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ṣe Pẹ̀lú Irinṣẹ́ Ọwọ́: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí Rẹ̀

1. Ìfáárà

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò fífi Yorùbá kọ́ni fún ọdún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, wọ́n fi hàn pé a lè fi èdè wa kọ́ ọmọdé ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, jáde. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó dá lé. Iṣẹ́ mẹkáníìkì, tí àìmọye ọmọ Yorùbá ń kọ́ lójoojúmọ́ láì ka ìwé kankan, kò sí lára ohun tí ó dá lé.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí a ṣe ń pààrọ̀ àwọn ẹ̀yà ẹsẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú irinṣẹ́ ọwọ́ nìkan, kí a sì yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè wọ́n wò. Agbègbè Lekki àti Ajah ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ilẹ̀ iyanrìn ni ilẹ̀ tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ a máa mú kí irin tètè dípẹtà. Omi a sì máa bo ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀, irú èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2017, débi pé awakọ̀ kì í rí kòtò títí táyà yóò fi já sí i. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́ níbẹ̀.

2. “Ìsokọ́” tàbí “Ẹsẹ̀”?

Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé “ìsokọ́ ọkọ̀” ni ó yẹ kí a pe odindi ètò yìí. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá gbọ́ gbà-gbà-gbà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ohun tí yóò sọ fún mẹkáníìkì ni pé, “Ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ mọ́tò yìí.” Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ó ń gbé ara. Ẹsẹ̀ ni ó ń tẹ̀ nígbà tí a bá fò tí a sì balẹ̀, kí egungun má baà kán. Nítorí náà, “ẹsẹ̀ ọkọ̀” ni a óò máa lò.

Àǹfààní mìíràn wà nínú rẹ̀. Bí a bá ti gbà pé ẹsẹ̀ ni, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn yóò tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì, níbi tí orí irin róbótó ti ń yí nínú ihò tí ó bá a mu, kò yàtọ̀ sí oríkèé ìbàdí tàbí ti èjìká wa. A lè pè é ní “oríkèé olórí-róbótó”. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀yà ara lè lo ọ̀rọ̀ kan náà.

3. Sípíríǹgì àti Ṣọ́ọ̀kì

Ẹ̀yà méjì ni ó ṣe pàtàkì jù. Èkíní ni sípíríǹgì. Òun ni ó ń gbé ọkọ̀ dúró. Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ní 1678 pé bí a bá ṣe fa sípíríǹgì tàbí tẹ̀ ẹ́ tó ni agbára tí yóò fi fẹ́ padà sípò yóò ṣe pọ̀ tó. Ọ̀nà méjì ni a mọ̀ ọ́n sí jù: èyí tí a wé roboto, tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àti èyí tí ó rí pẹlẹbẹ, tí a tò lé ara wọn lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ èyí kejì dáadáa, nítorí pé nínú ògbólógbòó rẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ àdá àti ọkọ́.

Ẹ̀yà kejì ni ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun ni ó ń gbé ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí sípíríǹgì bá dá wà, ọkọ̀ yóò máa fì sókè sódò lẹ́yìn kòtò kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti dá ìfì náà dúró. Òróró wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀pá rẹ̀ ti ń lọ tí ó ń bọ̀, òróró náà ní láti gba ojú ihò tóóró kọjá, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ti ń gba ẹnu ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ìfì náà yóò di ooru, ọkọ̀ yóò sì fara balẹ̀. Nítorí àṣìlóye yìí, a dábàá “adáfìdúró” fún lílò nínú ìwé ẹ̀kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé “ṣọ́ọ̀kì” kò ní kúrò lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Àfiwé rẹ̀ ni “amúlétutù”: orúkọ náà ń sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe.

Ní ti “sípíríǹgì”, “nọ́ọ̀tì”, “bóòtù”, “sípánà” àti “jáàkì”, a kò rí ìdí láti pààrọ̀ wọn. Wọ́n ti di Yorùbá, wọn kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní, sípíríǹgì àti adáfìdúró ẹsẹ̀ iwájú wà lójú kan, tí èkíní yí èkejì ká. Earle MacPherson, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe irú ẹsẹ̀ yìí. Àwọn ọdún 1940 ni ó gbé e kalẹ̀. Òun ni a óò ṣàlàyé bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀.

4. Ìlànà Iṣẹ́ Náà

(i) Gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó tẹ́jú tí ó sì le. Bí ó bá jẹ́ orí iyanrìn Ajah ni, fi pákó nínípọn tẹ́ abẹ́ jáàkì, kí ó má baà rì. Fi igi tàbí òkúta dí táyà ẹ̀yìn.

(ii) Dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí o tó gbé ọkọ̀ sókè. Lẹ́yìn èyí, gbé e, kí o sì fi òpó irin ti abẹ́ rẹ̀. Jáàkì wà fún gbígbé, kò wà fún ìdádúró; ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan dì mú.

(iii) Yọ táyà. Fọ́n òróró ìtúpẹtà sí àwọn nọ́ọ̀tì, kí o sì fún un láyè láti wọlé.

(iv) Tú okùn búréèkì àti línkéèjì kúrò lára ẹsẹ̀ náà. Má ṣe jẹ́ kí okùn búréèkì gbé ìwọ̀n kankan.

(v) Fi jáàkì kejì gbé apá ìsàlẹ̀ ró. Fi àmì sí ibi tí ẹsẹ̀ náà wà, kí o sì yọ bóòtù méjì tí ó so ó mọ́ ibùdó táyà.

(vi) Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí o sì tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta tí ó so orí ẹsẹ̀ náà mọ́ ara ọkọ̀. Ẹsẹ̀ náà yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lódindi.

5. Ewu Inú Ọ̀rọ̀ Kan

Ìlànà kẹfà yìí ni ó fi hàn gbangba pé ọ̀rọ̀-ìperí kì í ṣe ọ̀rọ̀ akadá lásán. Àwọn nọ́ọ̀tì tí ó wà lókè ju mẹ́ta lọ. Ọ̀kan tún wà láàárín wọn. Èyí tí ó wà láàárín ni ó há sípíríǹgì mọ́. Bí ọ̀gá bá sọ fún ọmọṣẹ́ pé, “Tú nọ́ọ̀tì òkè,” èwo ni kí ó tú?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí sípíríǹgì kan bá ń fẹ́ agbára newton 25 kí ó tó sún mílímítà 1, tí a sì ti tẹ̀ ẹ́ ní mílímítà 100, newton 2,500 ni agbára tí ó wà nínú ìhámọ́. Ìwọ̀n yìí súnmọ́ ti àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún oníkílò 50. Bí a bá tú nọ́ọ̀tì àárín láì tíì fún sípíríǹgì pọ̀, ohun tí yóò ta jáde lè fọ́ni lójú tàbí kí ó pa ni.

A dábàá, nítorí náà, pé kí a pe mẹ́ta náà ní “nọ́ọ̀tì ìsokọ́”, kí a sì pe ti àárín ní “nọ́ọ̀tì ìhámọ́”. Ẹni tí ó bá gbọ́ “ìhámọ́” mọ̀ pé ohun kan wà ní àhámọ́ tí kò gbọdọ̀ tú u sílẹ̀ láìwádìí.

Kí a tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì ìhámọ́, a ní láti fi irinṣẹ́ ìfúnpọ̀ méjì há sípíríǹgì lọ́tùn-ún lósì, ní ọ̀kánkán ara wọn. A óò máa yí èkíní díẹ̀, a óò sì yí èkejì díẹ̀, títí sípíríǹgì yóò fi dẹ̀ kúrò lára àwo rẹ̀. A kò gbọdọ̀ kọjú sí orí tàbí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a óò tú nọ́ọ̀tì ìhámọ́, tí a óò pààrọ̀ adáfìdúró, tí a óò sì tò ó padà.

Àwọn bóòtù tí ó gba inú bọ́ọ̀ṣì onírọ́bà ti apá ìsàlẹ̀ kọjá, bí a bá tú wọn, a kò gbọdọ̀ dì wọ́n pa títí ọkọ̀ yóò fi dúró lórí táyà rẹ̀; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà náà yóò wà ní lílọ́pọ̀, yóò sì tètè ya. Ọ̀tún àti òsì ni a sì ń pààrọ̀ pọ̀. Irinṣẹ́ ọwọ́ ní ààlà: títo táyà kí ó dọ́gba ń fẹ́ ẹ̀rọ, ẹni tí ó bá parí iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ lọ fún un.

6. Ìkádìí

A ti rí i pé ìlànà mẹ́ta ni ó yẹ kí ó máa tọ́ wa sọ́nà: kí a gba ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ní tẹ́lẹ̀, bí “ẹsẹ̀ ọkọ̀”; kí a fi ọ̀rọ̀ àyálò tí kò ṣini lọ́nà sílẹ̀ bí ó ti wà; kí a sì ṣẹ̀dá tuntun níbi tí àìṣekedere bá ti lè pa ènìyàn lára. Àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè tí ó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ yìí ní láti lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, kí wọ́n sì dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò níbẹ̀. Bí ọmọṣẹ́ bá gbọ́ “nọ́ọ̀tì ìhámọ́” tí ó sì dá ọwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.