Yíyan Ètò Ìṣàkóso Kọ̀ǹpútà fún Ẹni tí ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, ni ilé-iṣẹ́ Microsoft fi òpin sí ìtọ́jú gbogbogbòò tí ó ń ṣe fún Windows 10. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni kò sì lè gba Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀, nítorí pé èyí ń béèrè ohun kan tí a ń pè ní TPM 2.0, tí kò sí nínú ẹ̀rọ àtijọ́ púpọ̀. Báyìí ni ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ ṣì le ṣe di ohun tí ẹni tí ó ni ín ń rò láti sọ nù. Bí ó bá sì ń lò ó lọ láìsí àtúnṣe, ó ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà.

Kí ni ètò ìṣàkóso? Òun ni baálé inú kọ̀ǹpútà: òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ. Oríṣi méjì ni. Èkínní dà bí ọbẹ̀ tí a ń tà, ṣùgbọ́n tí a kò jẹ́ kí ẹni tí ó rà á mọ ohun tí a fi sè é. Èkejì ni èyí tí a ṣí ìdérí ìkòkò rẹ̀: ẹnikẹ́ni lè ka bí a ti kọ ọ́, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà, kéde irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 1983, ó sì pè é ní GNU. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, gbé Linux jáde, èyí tí ó di kókó ètò náà. Láti inú àpapọ̀ wọn ni oríṣiríṣi ẹ̀yà ti wá. Ọ̀nà kan kò sáà wọ ọjà.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ gbé yẹ̀ wò: ìrọ̀rùn, iye ọdún tí a ó fi máa tọ́jú ètò náà, àti agbára ẹ̀rọ tirẹ̀. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, ń mú ẹ̀dà ọlọ́jọ́ pípẹ́ jáde ní oṣù Igbe ní ọdún méjì-méjì, a sì ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún 5. Linux Mint, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, ni a kọ́ lé Ubuntu lórí. Ìrísí rẹ̀ sún mọ́ ti Windows, nítorí náà ojú olùbẹ̀rẹ̀ kò ní fọ́ nínú rẹ̀. Mẹ́mọ́rì GB 4 tó o. Ẹ̀dà rẹ̀ tí ń jẹ́ Xfce sì fúyẹ́ fún ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré. Fedora dára, ṣùgbọ́n bí oṣù 13 péré ni a fi ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ kan. Arch wà fún ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ to gbogbo nǹkan. Kì í ṣe ti olùbẹ̀rẹ̀.

A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. A lè kó Mint tàbí Ubuntu sórí fláàṣì GB 8, kí a tan ẹ̀rọ láti ibẹ̀, kí a sì dán an wò láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ. Nígbà náà ni a ó mọ̀ bóyá Wi-Fi, ohùn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá tẹ́ni lọ́rùn, kí a kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì kọ sí ibòmíràn, kí bátìrì sì kún, kí iná má bàa lọ láàárín iṣẹ́. Microsoft Office àti Photoshop kò sí fún Linux. LibreOffice lè ṣí ìwé Word, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò ojú ìwé a máa yí díẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ Photoshop kò gbọdọ̀ kánjú.

Àǹfààní kan kan àwọn tí ń kọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àtẹ kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà lára ohun tí Linux gbé dání. Yíyàn ni a ó kàn yàn án. Láìsí àmì, ta ni yóò mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, tàbí ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀? Síwájú sí i, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú ètò náà sí Yorùbá, kò ní láti tọrọ ààyè lọ́wọ́ oníṣòwò kankan.

Fún ẹni tí ó ń bọ̀ láti inú Windows, Mint ni ó rọrùn jù lọ láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá di ọ̀gá tán, kò sí ohun tí ó dè é mọ́ ibẹ̀.