Pílà Kẹrin

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí a fi kúrò ní Mówè, èmi àti awọnlẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ní kí n mú dání. Ọ̀kadà méjì la gùn. A kọjá Òfàdà, a yà sí ọ̀nà eléruku pupa kan, nígbà tí ọ̀nà náà sì di ipa ẹsẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ra pulọ́ọ̀tì méjì síbẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú, 120 lóòró ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ti tẹ ilẹ̀ náà gbẹ̀yìn.

Ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí a kàn kì í ṣe tiwa. Olówó rẹ̀ ti mọ odi yí i ká. Lápá òsì, odi náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kì í ṣe pé ó wó, nítorí kò sí àfọ́kù kankan nílẹ̀. Ńṣe ni wọ́n yọ búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára èyí tó ṣẹ́ kù pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà, pẹ̀lú orúkọ ẹbí kan nísàlẹ̀. Ẹlòmíràn ti fi ọ̀dà dúdú pa orúkọ yẹn rẹ́, ó kọ orúkọ ẹbí tirẹ̀ lé e. Mo dúró síwájú odi yẹn pẹ́. Bóyá owó àjọ ni onítọ̀hún fi ra búlọ́ọ̀kù náà, bóyá owó iṣẹ́ òru nílùú òyìnbó ni. Ó dùn mí bí ẹni pé èmi ni mo mọ ọ́n.

Níwájú díẹ̀, àwọn onítípà ti gbẹ́ yanrìn ilẹ̀ kan tán. Kòtò náà jìn jù mí lọ, omi sì dá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìwé ilẹ̀ lè wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín títí di òní. Yanrìn rẹ̀ ti wà lára ilé onílé.

Ibẹ̀ la wà tí a gbọ́ ohùn láàárín ẹ̀gẹ́: "Ta nìyẹn?" Bàbá àgbẹ̀ kan yọ sí wa, àdá lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. "Àroko bọ́dún dé o, bàbá." Ó ní "Àṣẹ," ṣùgbọ́n ó ṣì ń wò wá láti òkè délẹ̀. "Ọmọ ta ni yín? Ta lẹ wá wá?" Mo sọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, mo fi àwòrán rẹ̀ hàn án lórí fóònù. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n òun mọ ilẹ̀ tí à ń wí: "Èyí tí igbó bò yẹn ni."

Lẹ́nu ọ̀nà oko bàbá, wọ́n ri igi kan mọ́lẹ̀, kò ga ju orúnkún lọ. Màrìwò gbígbẹ, akísà pupa kan àti ṣùkù àgbàdo ni wọ́n so mọ́ ọn. Ààlè ni. Ṣùkù tí wọ́n ti ṣẹ́ gbogbo ọmọ orí rẹ̀ kúrò ń sọ fún olè bí òun náà yóò ṣe ṣófo. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, David Doris, kọ odidi ìwé lórí ààlè wa yìí, Vigilant Things, ní 2011. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá àwọn olè ṣì ń bẹ̀rù ààlè. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ẹni tó mọ̀ mí ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Onítípà tó ti ọ̀nà jíjìn wá ò gbédè tó ń sọ."

Bàbá fúnra rẹ̀ kọ́ ló nilẹ̀ tó ń dá. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn ló ni ín. Lọ́dọọdún, bàbá ń gbé gààrí àti àgbàdo lọ fún un. Ìṣákọ́lẹ̀ ni. Kò tó ohun tí ń sọni dolówó, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹni tó nilẹ̀ hàn yàtọ̀ sí ẹni tó ń dáko. Àwọn méjèèjì tún tọwọ́ bọ ìwé, ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí a rìn kọjá láàárọ̀ yẹn, ti olùkọ́ yìí nìkan ni ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn.

Ilé ẹjọ́ pàápàá ka irú èyí sí. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀. Ìtàn ẹbí wà nínú wọn, ìwé wà nínú wọn. Kí èèyàn máa lo ilẹ̀ bí onílẹ̀ ṣe ń lò ó, kó dáko sí i tàbí kó yá ẹlòmíràn dá, náà wà nínú wọn. Ẹ̀gẹ́ tí bàbá ń gbìn, ẹ̀rí olùkọ́ yẹn ni.

Bàbá ló fi àdá lànà fún wa dé tiwa. Ẹ̀rọ awọnlẹ̀ júwe ibi tó yẹ kí pílà wà, ìyẹn òpó kọnkéré tí wọ́n fi ń sàmì sí igun ilẹ̀, a sì ń gbẹ́lẹ̀. Erùpẹ̀ ti bo ti àkọ́kọ́. Mo fi èékánná ha orí kọnkéré náà títí nọ́ńbà rẹ̀ fi jáde. Ó bá ti inú ìwé mu. A rí ìkejì, a rí ìkẹta. Níbi tó yẹ kí ìkẹrin wà, ihò la bá, erùpẹ̀ ẹnu rẹ̀ ṣì rọ̀. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì mọ́lẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Àgbẹ̀ wo ní ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ọyẹ́?" ni bàbá wí. "Ẹni tó gbin èyí ò wá ohun tí yóò jẹ. Ilẹ̀ yín ló ń wá."

Pèrègún tí àwọn tó ta ilẹ̀ gbìn sí ààlà ṣì tò lọ gbọnrangandan, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ láàárín igbó gbígbẹ. Awọnlẹ̀ ní kí n fọkàn balẹ̀: ẹ̀dà àwòrán ilẹ̀ náà wà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Abẹ́òkúta, òun yóò sì fi ìṣirò dá pílà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ohun tí bàbá sọ tẹ̀ lé e ló wọ̀ mí lára jù. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá. Ọmọkùnrin mẹ́rin. Mo rí wọn. Mi ò mọ ẹni tí mo lè pè."

Òfin wà. Ní 2016, Èkó ṣe òfin tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lé ẹni tó bá fi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀. Lọ́dún kan náà, Ògùn ṣe tirẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún 25 fún ajagungbalẹ̀, ikú bí ẹ̀mí bá lọ sí i. Ṣùgbọ́n bàbá ti rí ọ̀daràn lójúkojú, kò sì ní nọ́ńbà ẹnì kankan lọ́wọ́.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù níbẹ̀, mo gbé e fún bàbá. Wọ́n kí ara wọn pẹ́. Wọ́n jọ ṣàdéhùn: bàbá yóò ro ibẹ̀, yóò gbin àgbàdo bí òjò bá dé, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ ra ilẹ̀ síbi tó jìnnà, ẹ lọ wò ó kí ẹ̀rùn yìí tó parí. Ẹ mú awọnlẹ̀ dání, kí ẹ ka pílà yín. Kí ẹ tó padà, ẹ wá ẹni tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹ kí i dáadáa, ẹ sì fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ fún un.