Tarkwa Bay: Omi Tó Rọ̀ fún Ọmọdé, àti Èyí Tó Le Lẹ́yìn Rẹ̀

Òkúta ló gba ìgbì mú

Nígbà ọdún, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó ló máa ń kó ọmọ, kúlà àti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Tarkwa Bay. Mọ́tò kì í débẹ̀. Ohun tó ń fa àwọn òbí lọ síbẹ̀ ni pé ìgbì ibẹ̀ kì í le tó ti àwọn etíkun Èkó yòókù.

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òkun ibẹ̀ kò níwà tútù láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé. Láyé ìjọba amúnisìn, yanrìn tó gbá jọ sí ẹnu èbúté Èkó kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ní nǹkan bí ọdún 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ràgàjì sínú òkun bí odi, kí ọ̀nà lè là. Odi yìí ló ń dá ìgbì dúró kó tó dé ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Òun náà ló gé yanrìn tí omi ń gbé lọ síhà ìlà-oòrùn, tí òkun fi ń jẹ Bar Beach ní Victoria Island fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oore apá kan, jàǹbá apá kejì.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gun òkúta wọ̀nyẹn o. Ewédò ti bò wọ́n, wọ́n ń yọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó wẹ̀ níbi tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké ti ń gúnlẹ̀, torí abẹ ẹ́ńjìnnì wọn wà lábẹ́ omi.

Ẹ̀yìn ilẹ̀ kan náà

Ibi tó ń kọ mí lóminú gan-an nìyí. Ẹni tó bá rìn díẹ̀ láti Tarkwa Bay yóò bọ́ sí Lighthouse Beach, níbi tí agbami Atlantic ti ń wọlé wá láìsí odi kankan níwájú rẹ̀. Èrò ibẹ̀ kò pọ̀, fọ́tò ibẹ̀ sì máa ń dára. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kó ọmọ lọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀: omi tí ìgbì bá gbé wá sétí gbọ́dọ̀ padà. Ó máa ń wá kòtò láàrin yanrìn, a sì gba ibẹ̀ já padà sínú agbami pẹ̀lú agbára. Ojú ibẹ̀ máa ń dákẹ́, ìgbì kì í sábà fọ́ níbẹ̀, àwọ̀ omi rẹ̀ sì lè dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ibi tó dákẹ́ yẹn gan-an ni ẹni tí kò mọ̀ máa ń yàn láti wẹ̀!

Bí omi tó ń padà yìí bá gbé yín, ẹ má kọjú sí etíkun kí ẹ máa bá a jà. Kì í fani sísàlẹ̀, jíjìnnà ló ń gbéni lọ. Ẹ léfòó, ẹ na ọwọ́ sókè kí wọ́n rí yín, kí ẹ sì wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ títí ẹ ó fi kúrò nínú rẹ̀. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, torí òun ló ń rò pé agbára òun ká a.

Ọmọ tó ń rì kì í pariwo

Nínú fíìmù, ẹni tó ń rì máa ń ké. Lójú ayé, kò rí èémí tí yóò fi ké. Orí rẹ̀ á tẹ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ á máa tẹ omi, ẹnu rẹ̀ á máa wọ omi, á máa yọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló kú sómi lágbàáyé lọ́dún 2021, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn.

Nítorí náà, ẹ yan àgbàlagbà kan tí kò ní mu ọtí, tí kò ní wo fóònù, kó máa ṣọ́ omi. Kí ẹlòmíràn gbà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kò gbọdọ̀ jìnnà ju ibi tí ọwọ́ yín lè tó o.

Bí ẹnì kan bá ń rì, ẹ má kàn bẹ́ tẹ̀lé e. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ dé ní ìdérí, tàbí kúlà, lè gbé e léfòó: ẹ jù ú sí i. Bí wọ́n bá gbé e jáde tí kò mí, ẹ má dorí rẹ̀ kodò, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, kí ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu títí àyà rẹ̀ yóò fi gbéra. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tẹ àárín àyà rẹ̀: ìtẹ̀ 30, èémí 2. Kí ẹlòmíràn pe 112 tàbí 767.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀

Ẹ ṣàdéhùn owó àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú awakọ̀, kí ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí òjò bá ń ṣú bọ̀, ẹ fi í di ọjọ́ mìíràn. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà máa ń bọ́ lọ́rùn ọmọdé bí ó bá já sómi, nítorí náà ẹ bèèrè ti ọmọdé, ẹ dì í, kí ẹ sì fà á wò ní èjìká. Bí awakọ̀ bá ní kò sí èyí tó bá ọmọ yín mu, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn.