Nígbà Tí Ọkàn Abiyamọ Kò Bá Balẹ̀

Bí obìnrin bá bímọ láàárín wa, “Ẹ kú ewu ọmọ” ni a fi ń kí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán, ọmọ nìkan ni a sábà máa ń béèrè. Ọkàn ìyá ńkọ́?

Láàárín ọjọ́ 2 sí 3 lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń sunkún láìnídìí. Èròjà ara tí à ń pè ní họ́mọ́ònù, tí ó pọ̀ nígbà oyún, ni ó já wálẹ̀ lójijì. Èyí máa ń lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ 2 tó pé. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ó ń le sí i, àìsàn ni, kì í ṣe ìwà.

Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: àyà á máa já ṣáá, ọmọ á sùn, ìyá kò ní lè sùn, yóò máa dìde lóru lemọ́lemọ́ láti wò ó bóyá ọmọ ṣì ń mí, oúnjẹ kò ní wù ú. Èrò burúkú tún lè máa sọ sí i lọ́kàn, bíi pé ọmọ yóò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò tí ó ń dẹ́rù ba ìyá, tí kò sì fẹ́ kí ó ṣẹ, kò sọ ọ́ di ìkà. Kí ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè mú kí àyà máa lù kìkì, nítorí náà ó dára kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ṣé àìnígbàgbọ́ ni? Rárá o. Ẹ rántí Màríyámù nínú Súrà 19: nígbà tí ìrọbí mú un, ó wù ú kí òun ti kú ṣáájú ìgbà náà. Ọlọ́hun kò bá a wí. A ní kí ó má bànújẹ́, a fún un ní omi àti dàbínù, a sì gbà á lọ́wọ́ àròyé àwọn ènìyàn. Bí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ kò bá tíì dá, ìrun kúrò lọ́rùn abiyamọ, ṣùgbọ́n síkìrì àti àdúà kò kúrò. Kí ó má rò pé a ti ilẹ̀kùn mọ́ òun.

Ẹ̀yin ọkọ, bí ọmọ bá ti mu ọmú tán, ẹ gbà á kí ìyá rẹ̀ lè sùn wákàtí bíi 3 láìsí ẹni tí yóò jí i. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wá wẹ ọmọ, ẹ má sọ pé, “Àwa bí mẹ́fà, a ò ṣe báyìí.” Ẹ̀yin obìnrin Àsàlátù, bí ẹ bá gbé oúnjẹ lọ, ẹ béèrè pé, “Ìwọ alára ńkọ́, ṣé ò ń rí oorun sùn?”

Ní ti oògùn, apòògùn òyìnbó ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba. Àwọn kan máa ń wá ra Valium tàbí Lexotan fún abiyamọ láìsí ìwé dókítà. Oògùn wọ̀nyí ń dé inú wàrà ọmú, wọ́n lè mú kí ọmọ máa tòògbé, wọ́n sì máa ń di bárakú. Dókítà lè kọ èyí tí ó bá a mu, irú bíi sertraline, tí díẹ̀ péré rẹ̀ ń dé inú wàrà. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, a kì í sì í dá a dúró lójijì. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò nílò oògùn. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ń wo ọ̀pọ̀ sàn.

Ilé ìlera tí ọmọ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Nígbà abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, ẹ sọ ti ìyá pẹ̀lú. Bí ó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n lè darí yín sí ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta tàbí ti Yábàá ní Èkó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ní òun fẹ́ kú tàbí òun yóò ṣe ọmọ léṣe, bí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ọsibítù ni lọ́jọ́ náà gan-an. Alfa lè bá wọn dé ibẹ̀ láti ṣàdúà. Kí a má ṣe fi rúkíyà dá ọkọ̀ ọsibítù dúró.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní kí á máa wá ìwòsàn. Kí Ọlọ́hun bá wa wo ìyá, kí Ó bá wa wo ọmọ. Àmín.