‘Mọ̀’ àti ‘Gbàgbọ́’

Nínú ìwé tí Barry Hallen àti J. O. Sodipo gbé jáde ní 1986, wọ́n ṣàlàyé pé ohun tí a fi ojú ara wa rí ni a mọ̀. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni a gbà gbọ́. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Agbóyì mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ní Kétu gbà á gbọ́ ni.

Jean-Luc Marion, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ní ohun tí ó bá fara hàn wá ni ó kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ fún wa; tiwa ni kí á gbà á. ‘Gbà’ yìí wà nínú ‘gbàgbọ́’. Bí a bá wò ó báyìí, ìgbàgbọ́ ẹlẹ́sìn ju àgbọ́sọ lọ. Kí olùyẹ̀wò kíyè sí ìlò méjèèjì kí ó tó fa igi lé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.