Ohun Tí Àwòrán Fi Hàn Nínú Ọpọlọ Àwọn Tó Ní Schizophrenia
Schizophrenia lè mú kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ní ọdún 1976, Eve Johnstone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Northwick Park, ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ẹ̀rọ CT ya àwòrán ọpọlọ àwọn tí àìsàn yìí ti ń bá fínra tipẹ́. Ihò olómi inú ọpọlọ wọn fẹ̀ ju ti àwọn tí ara wọn dá lọ. Ní 2016, ìwádìí ENIGMA, tó lo àwòrán MRI àwọn aláìsàn tó lé ní 2,000, fi hàn pé hippocampus wọn, ibi nínú ọpọlọ tí ìrántí gbára lé, kéré díẹ̀ sí ti àwọn tí ara wọn dá.

Díẹ̀ ni o! Ọpọlọ ọ̀pọ̀ aláìsàn kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, oògùn pẹ̀lú sì lè fa ìyàtọ̀. Nítorí náà, dókítà kò lè ti ara àwòrán nìkan mọ ẹni tó ní àìsàn yìí.