Bí A Ṣe Fi Linux Sí Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Wa

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wa pé ìwé lẹ́jà tí àwọn bàbá wa fi ń kọ owó Ẹgbẹ́ sílẹ̀ ti di ohun àtijọ́. Inú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó wà lọ́wọ́ Akọ̀wé ni orúkọ gbogbo wa wà, àti owó oṣù tí oníkálùkù san, àti ìròyìn ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú tí ẹ máa ń kà nínú ìwé yìí.

Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa ní Kánò níbí jáde láyé, ìyàwó rẹ̀ wá gba owó ìrànwọ́ tí òfin Ẹgbẹ́ fi fún opó ẹni tí kò jẹ gbèsè. Akọ̀wé tan kọ̀ǹpútà kí ó lè wo ohun tí olóògbé san, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ṣí. Iná mọ̀nàmọ́ná ni ó lọ lójijì nígbà tí ó ń tún ètò inú ara rẹ̀ ṣe, bátìrì rẹ̀ kì í sì í mú iná dúró mọ́. Oníṣẹ́ kan ní ọjà ní kò sí wàhálà, òun yóò nu inú rẹ̀ nù, òun yóò sì fi ètò mìíràn sí i. Ẹ gbọ́ ná: bí a bá nu inú rẹ̀ nù, kí ni a ó wí fún opó?

Ọmọ wa kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ni ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Alága, tí ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n nù ún. Ẹ jẹ́ kí n fi Linux wò ó." Bàbá Alága ní, "Kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi? Èló ni wọ́n ń tà á?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kì í tà á.

Òótọ́ ni ó sọ. Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, ọmọ Finland tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìlú Helsinki, bẹ̀rẹ̀ Linux. Ó gbé e síta fún gbogbo ayé, àwọn ènìyàn káàkiri sì ń tún un ṣe láti ìgbà náà bí ẹni ń ṣe ọ̀wẹ̀. Òun ni ó wà nínú ikùn fóònù Android tí púpọ̀ nínú wa ń gbé kiri. Oríṣi rẹ̀ pọ̀. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, gba orúkọ rẹ̀ láti inú èdè àwọn ará gúúsù Áfíríkà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Lára Ubuntu ni wọ́n ti mú Linux Mint jáde, èyí tí àwa lò. Oríṣi rẹ̀ tí ń jẹ́ Xfce kò wúwo: RAM gígábáìtì 2 tó o láti gbéra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4 ni ó sàn jù.

Báyìí ni a ṣe é. Lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ọmọ náà fa fáìlì Linux Mint wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 3, nítorí náà òru ni ó fà á. Ó fi ètò kékeré kan tí ń jẹ́ Rufus kọ ọ́ sórí fláàṣì gígábáìtì 8. Ẹ rántí pé Rufus a máa pa gbogbo ohun tí ó bá bá lórí fláàṣì rẹ́. Ó ki fláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́, bí ó sì ti ń tàn án ni ó ń tẹ F12 léraléra, títí ó fi rí ibi tí yóò ti yan fláàṣì. Lórí kọ̀ǹpútà mìíràn ó lè jẹ́ F9 tàbí Esc.

Ibi tí ó yà wá lẹ́nu nìyí. Linux ṣí láti orí fláàṣì, kò sì fọwọ́ kan ohun kan nínú kọ̀ǹpútà. A wo àwọn fáìlì, a bá lẹ́jà wa níbi tí ó wà, kò sí ohun tí ó ṣe é. Akọ̀wé fò sókè. A ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì méjì mìíràn, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Akápò, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Ìyá Ẹgbẹ́. A wo orúkọ olóògbé: kò jẹ gbèsè oṣù kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kejì ni opó gba owó rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a ti ṣí àwọn ẹ̀dà náà wò dáadáa ni a tó fi Linux sínú kọ̀ǹpútà pátápátá. A yá jẹnẹrétọ̀ kan kí iná má baà tún já wa kulẹ̀. Ó bi wá ní èdè, ó bi wá ní irú kíbọọ̀dù, ó sì bi wá bóyá kí ó nu gbogbo inú kọ̀ǹpútà nù tàbí kí ó bá ètò àtijọ́ gbé pọ̀. Ìbéèrè yìí ni kí ẹ fi sùúrù dáhùn, ẹ̀yin ará wa, nítorí ohun tí ó bá ti nù kò ṣeé pè padà. Àwa ní kí ó nù ún, nítorí ẹ̀dà ti wà lọ́wọ́ wa. A yan àago Èkó, a fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà, kò sì pé wákàtí kan tí ó fi parí.

Kì í ṣe pé ohun gbogbo dán mọ́rán. Wáyáfáì kọ̀, kò ṣiṣẹ́. A fi okùn so fóònù mọ́ ọn láti gba dátà, Driver Manager sì wá ohun tí ó kù wálẹ̀. LibreOffice ṣí lẹ́jà wa, ṣùgbọ́n àwọn ìlà kan yẹ̀ kúrò ní ààyè wọn, ọwọ́ Akọ̀wé kò sì tètè mọ́ ọn. Ohun tí ó dùn mọ́ wa jù ni pé lábẹ́ Nigeria nínú ètò kíbọọ̀dù, Yorùbá wà níbẹ̀, Haúsá àti Ígbò sì wà pẹ̀lú.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àtìlẹ́yìn Windows 10 parí, púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò sì lè gba Windows 11. Kí ẹ tó ta tiyín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ gbé e wá sí ìpàdé Ẹgbẹ́, pẹ̀lú fláàṣì méjì: ọ̀kan fún Linux, ọ̀kan fún ẹ̀dà ohun ìní yín. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.